Èrè Olùkọ́ Wà Lọ́run, Owó Ọkọ̀ Wà Láyé

Nígbà tí àwa mẹ́rin lọ ṣe TP ní ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí ọjà Sandgrouse, a rò pé ariwo ọmọ ni yóò dá wa lágara. Irọ́ ni. Àwọn olùkọ́ tí a bá níbẹ̀ fẹ́ràn ọmọ, bí wọ́n bá ti wọ kíláàsì ni ẹ̀rín wọn ń dé. Kó tó di ìgbà yẹn ni ojú wọn máa ń le. A tiẹ̀ kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń ṣe ìgbéraga sí wa.

Ìgbà tí a bèèrè ibi tí kálukú ń gbé ni ọ̀rọ̀ yé wa. Ìkòròdú, Agbádó, Ìbàfò! Ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Ìkòròdú ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí, yóò wọ BRT dé TBS, yóò tún wá fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kó wọ kẹ̀kẹ́ Marwa. Bí gósíló bá wà lórí Third Mainland, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó mú ṣọ́ọ̀kì.

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ ti fò sókè. Lóòótọ́, ní 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000, ìjọba Èkó sì kéde ₦85,000. Ẹ bá wa ṣírò àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. A ò tíì dárúkọ àwọn olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni o.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tó ní kí olùkọ́ lè ṣiṣẹ́ títí di ẹni ọdún 65. Oore ni fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Fún irú Mọ́mì Ìkòròdú, ọdún márùn-ún sí i lórí afárá ni.

Ẹ̀rù náà wà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, nítòsí ibi tí a wà yìí. Olùkọ́ kan sọ fún wa pé títí di òní, ògiri ni òun kọ́kọ́ ń wò láàárọ̀ kí òun tó wo ọmọ.

Kí ló wá ń mú inú wọn dùn? Ìyá ẹlẹ́ja tó ń pariwo "Tíṣà ọmọ mi!" láàárín ọjà, tó sì fi ènì sí i. Ọ̀gá tí kì í fún àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ òwúrọ̀. Ìyẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ohun tí a ń fẹ́ ni kí SUBEB àti TESCOM máa wo àdírẹ́sì olùkọ́ kí wọ́n tó pín in sí ilé-ìwé. Ọ̀kan nínú wa ní, ta ni yóò wá kọ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó? Ìbéèrè gidi ni, nítorí ta ló lè fi owó tíṣà háyà yàrá ní Erékùṣù? Ẹni tí wọ́n bá wá fẹ́ kó sọdá afárá, kí wọ́n fún un ní bọ́ọ̀sì, tàbí kí wọ́n kọ́ ilé fún un. Àkàrà òyìnbó ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá kò lè gbé ènìyàn dé Ìkòròdú.

Nínú àwa mẹ́rin, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ní òun yóò ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ilé bàbá rẹ̀ wà ní Lewis Street.