Ìgbẹ́rọ: Orúkọ Pákó Ìdí Ọkọ̀

Ní etí omi Ìlàjẹ, láti Ìgbókòdá dé Ayétòrò, ẹ̀rọ ti gba ipò àjẹ̀ àti ọ̀pá lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onípákó. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun láyé: láti ọdún 1909 ni Ole Evinrude ti ṣe tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Èdè Yorùbá pàápàá kò kọ ìyípadà náà. ‘Tukọ̀’, tí í ṣe iṣẹ́ àjẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, ti di iṣẹ́ ẹni tí ó di ẹ̀rọ mú, àní ti ẹni tí ń darí bàálù.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kò tó. Agbára àwọn alájẹ̀ a máa pín sí ibi tí oníkálukú jókòó sí; ti ẹ̀rọ a máa dà lé pákó kan ṣoṣo ní ìdí ọkọ̀. Bí pákó yìí bá fẹ́lẹ́, tàbí tí ìdè rẹ̀ bá tú, ìdí ọkọ̀ lè ya, kí omi sì wọlé. Bí ìwé ẹ̀kọ́ bá pè é ní ‘ìdí ọkọ̀’ lásán, ọmọ iṣẹ́ kò ní mọ ibi tí ó yẹ kí ó yẹ̀ wò.

‘Ìgbẹ́rọ’ ni ó yẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ‘ìtọ́kọ̀’ ti jáde láti ara ‘tọ́’ àti ‘ọkọ̀’. Bí àwọn tí ń kan ọkọ̀ ní Ìlàjẹ bá sì ti ní orúkọ mìíràn fún un, tiwọn ni kí ìwé kọ́kọ́ gbà. Kò sí ìjà pẹ̀lú ‘ẹ́ńjìnì’ tí gbogbo ènìyàn ń pè. Ohun tí kò lórúkọ ni ó ṣòro láti kìlọ̀ nípa rẹ̀.