Ẹ Gbé Power Bank Yín Sórí Òṣùwọ̀n

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Àkókó, ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ jẹ́ ká yé fi owó ra irọ́.

Ní alẹ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, power bank tí mo rà ní Ìkàrẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. 50,000 mAh ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣáàjì fóònù mi kún, bátìrì fóònù ọ̀hún kò sì ju 5,000 lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní fóònù mi ló ń jẹ iná jù. Rárá o.

mAh dà bí ìwọ̀n kẹ́ẹ̀gì omi. Bí omi inú rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó, ọwọ́ àwọn tó ń bù ú ló wà: iná ojú fóònù, fídíò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn àpáta Ọ̀kà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège, fóònù ń lo agbára púpọ̀ sí i kó tó bá òpó sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí fóònù méjì tí bátìrì wọn jẹ́ 5,000 mAh kì í fi í kú lákòókò kan náà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn.

Kẹ́ẹ̀gì kékeré tí wọ́n kọ "dúrọ́ọ̀mù" sí lára ni ẹ̀tàn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bátìrì roboto tó wà nínú ọ̀pọ̀ power bank, èyí tí wọ́n ń pè ní 18650, kì í sábà ju 3,500 mAh lọ, ó sì wọn gíráàmù 45 sí 50. Kó tó pé 50,000, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyẹn lé ní gíráàmù 650, a ò tíì ka ike rẹ̀. Tèmi fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì!

Kódà ojúlówó 10,000 mAh, nǹkan bíi 6,000 ló ń tú jáde, torí bátìrì 3.7 fóòtì ló ń gbé iná 5 fóòtì jáde, ooru sì ń jẹ nínú rẹ̀.

Ẹnìkan á ní, "Ṣebí ó pọ́ọ́kú ni?" Irọ́ kì í ṣe ẹ̀dínwó. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni fún ẹlòmíràn nínú wa.

Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ra òṣùwọ̀n kan sí ọ́fíìsì yín. Ẹ̀yin tó ń rajà, ẹ béèrè iye Wh kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí ẹni tó ń tà á bá ń bínú, ẹ ti rí ìdáhùn yín nìyẹn.