Ta Ni Arékọjá Ààlà?

Àwọn baba wa ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ó yẹ kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ara ògiri gbogbo ilé iṣẹ́ tí ìjọba ti ń fún awakùsà ní ìwé àṣẹ, nítorí pé nínú iṣẹ́ náà, a ń fá orí olórí nígbà tí olórí ń bẹ lóko tí kò mọ ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí a wo Johannesburg. Wúrà tí a rí ní Langlaagte ní ọdún 1886 ni ó bí ìlú náà. Kò pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀ tí Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1913 dé, tí ó fi nǹkan bí ìdá méje péré nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà sílẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀, tí wọ́n pọ̀ jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Ọmọ onílẹ̀ di àlejò. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kan wà lórí òkè ní ìlú náà, níbi tí a ti ń ti adúláwọ̀ mọ́lé nítorí pé kò ní ìwé ìrìnnà lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Lónìí, ibẹ̀ gan-an ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà wà. Ẹjọ́ méjì ti ti ibẹ̀ jáde tí ó kàn wá.

Èkíní ni ti àwọn ará Bengwenyama ní ẹkùn Limpopo, ní ọdún 2010. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ wá ohun àlùmọ́nì lórí ilẹ̀ wọn. Òfin ní kí ó kọ́kọ́ bá onílẹ̀ fi ọ̀rọ̀ wérọ̀. Wọ́n tọ ọba lọ, wọ́n fi fọ́ọ̀mù kan sílẹ̀ fún un, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìjọba sì fún wọn ní àṣẹ. Ilé-ẹjọ́ fagi lé àṣẹ náà. Ó ní kì í ṣe ọ̀ràn kékeré ni kí a wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láti wá ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Èkejì, ti ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, wọni lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1919, ìdílé mẹ́tàlá ní Lesetlheng ra oko Wilgespruit. Nítorí àwọ̀ ara wọn, a kò jẹ́ kí orúkọ wọn wọ ìwé ilẹ̀. Orúkọ mínísítà ni a kọ sí i. Ní ọdún 2008, ìjọba fún awakùsà ní àṣẹ láti wa pílátínọ́ọ̀mù níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, ẹni tí ó ni ìwé àṣẹ ni ó pe ọmọ olóko lẹ́jọ́ pé kí ó kúrò! Ilé-ẹjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ dá awakùsà láre. Ti Johannesburg yí i padà. Ó ní àṣẹ àti wa kùsà kò pa ẹ̀tọ́ ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ rẹ́, àti pé òfin ti la ọ̀nà ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti owó gbà-má-bínú sílẹ̀, èyí tí a gbọ́dọ̀ tọ̀ dópin kí a tó sọ ti pé a ó lé ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò sọ pé ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni ohun àlùmọ́nì, kì í ṣe ti ìdílé kan. Òótọ́ ni. A kò ní kí wúrà sùn sábẹ́ ilẹ̀ títí láé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ohun tí ó wà nísàlẹ̀ kò torí bẹ́ẹ̀ ni kòkó tí ó wà lókè, kò sì ni sàréè baba tí ó wà láàrin méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Wúrà wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007 sì fi gbogbo ohun àlùmọ́nì sí ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀. Òfin kan náà ni ó ní kí awakùsà bá àwọn ará ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mélòó nínú àgbẹ̀ wa ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ka òfin yìí ní èdè wa fún ẹgbẹ́ ìlú yín. Ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ kọ ààlà oko yín sílẹ̀ kí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n tó kú. Ẹ̀yin ọba wa, ẹ má ṣe dá nìkan tọwọ́ bọ ìwé lórí oko tí ẹ kò ro.

Ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé, àlejò ni. Ẹni tí ó fi ìwé àṣẹ já ilẹ̀kùn, bí òǹtẹ̀ ìjọba tilẹ̀ wà lára ìwé náà, òun ni arékọjá ààlà.