Ta Ni Kí A Fi Ìpàdé Wa Lé Lọ́wọ́?

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ní Tudu tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe ìpàdé kan tí a óò gbé jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Kumasi, ní Tamale àti ní òkè òkun lè máa wò ó bí ó ti ń lọ lọ́wọ́. Ète yìí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn olóyè ẹ̀ka: "Èló ni?" Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, ọdún 1935, ni rédíò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní Accra, láti inú àpótí tí a fi wáyà fà wọ ilé àwọn tí ó lè san owó rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1957, rédíò ìjọba ń fi èdè Akan, Ga, Ewe, Nzema, Dagbani àti Hausa bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Yorùbá kò sí nínú wọn. Nígbà tí ó di ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àṣẹ tí ó tú ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Ṣakí ká ní ilẹ̀ yìí, kì í ṣe èdè wọn ni a fi kọ ọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, tí kò sì gbọ́ èdè tí a fi ń sọ ọ́, kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi agbáṣẹ́ṣe ni èyí: Ǹjẹ́ ìyá tí ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ Tudu yóò gbọ́ ìpàdé yìí ní Yorùbá lórí fóònù rẹ̀ kékeré? Mo mọ ohun tí mo ń wí, nítorí pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe. Ní ìpàdé kan, mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Nígbà tí a parí, ìyá kan pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, a rí i tí ẹnu rẹ ń mì, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohùn rẹ rárá." Ẹni tí a gbé iṣẹ́ fún kò la ọ̀nà sílẹ̀ fún ohùn ògbufọ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ń jáde. Owó pọ́ọ́kú ni ó gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo owó náà ni ó ṣòfò.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ṣé ọ̀fẹ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀?" Zoom tí a ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ kì í gbà ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ, bí ó bá sì di ogójì ìṣẹ́jú, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ọ̀nà tí ó ní fún ògbufọ̀, ẹni tí ó sanwó ni a ṣí i fún. Lórí YouTube, ẹni tí kò tíì gbé ètò jáde rí lè dúró di wákàtí mẹ́rìnlélógún kí a tó ṣí ọ̀nà fún un. Láti oṣù Kejì, ọdún 2025, Facebook ń pa àwòrán ìpàdé bẹ́ẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Agbáṣẹ́ṣe tí kò lè sọ fún wa bí Yorùbá yóò ṣe jáde lọ́tọ̀, àti ọjọ́ tí yóò kó àkọsílẹ̀ ìpàdé náà lé wa lọ́wọ́, kò tíì mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ gbé fún un.

Ẹ tún ro ti owó dátà. Bí a bá ń rán àwòrán lọ ní ìdajì megabíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí kan yóò jẹ nǹkan bíi megabáìtì 225 lórí fóònù olùwòran. Ohùn lásán, ní kilobíìtì 64, kò ju nǹkan bíi megabáìtì 29 lọ. Bí ìpàdé bá gba wákàtí mẹ́ta, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré lójú ẹni tí ń ra dátà díẹ̀díẹ̀. Kí agbáṣẹ́ṣe pèsè ọ̀nà fún ohùn nìkan, láìgba owó mìíràn lé e.

Àwọn àgbà sì wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan. Ghana, Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ni ó jìyà rẹ̀. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà kan ṣoṣo ní ọjọ́ náà, òfo ni ó bá. Kí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ wa ní ọ̀nà méjì tí kò gba ibì kan náà kọjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Starlink, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ghana ní ọdún 2024, ni yóò jẹ́ èkejì. Kí ó ní ẹ̀rọ amúnáwá pẹ̀lú, nítorí kò sí ẹni tí yóò sọ ìtumọ̀ dumsor fún ará Accra. Kí ó sì wá dán gbogbo rẹ̀ wò nínú gbọ̀ngàn wa gan-an, ní ọ̀sán ọjọ́ tí èrò kún Tudu, kì í ṣe ní òru tí gbogbo ènìyàn ti sùn.

Mo gbọ́ pé ọmọ olóyè kan mọ iṣẹ́ náà. Èmi kò lòdì sí i. Kí òun náà wá, kí a bi í ní ohun tí a bi àjèjì, kí a sì dán an wò bákan náà. Kí a kọ àdéhùn sílẹ̀, kí a sì fi apá kan owó náà pamọ́ títí ìpàdé yóò fi parí. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tọ́ ọ wò kí a tó sanwó tán.

Ẹgbẹ́ tí ó ń sọ pé ti gbogbo ènìyàn ni òun kò gbọdọ̀ ṣe ìpàdé tí apá kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa wò bí odi. Ẹ̀yin olóyè ẹ̀ka, kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò gbọ́.