Ẹ Má Fi Owó Gbodo Lọ Wo Kìnnìún

Bí ẹ bá pe sàfárì létí télọ̀ ní Ìpàpó, aṣọ ló máa kọ́kọ́ rò: ẹ̀wù alápò mẹ́rin tí àwọn ọ̀gá níṣẹ́ ìjọba máa ń wọ̀ nígbà kan. Ṣùgbọ́n èdè Swahili ni ọ̀rọ̀ náà, ìrìn àjò ló túmọ̀ sí. Lóde òní, ìrìn àjò láti lọ wo ẹranko nínú igbó ni gbogbo ayé ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn olówó ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lọ. Sàfárì yìí kan náà ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ nílé ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ní Ìpàpó.

Ọmọ ìyá náà wà ní London. Nígbà tí ọgọ́ta ọdún ìyá ń bọ̀ lọ́nà, ọmọ tẹ foonu. Ó ní: "Màmá, ẹ má wulẹ̀ ṣe pàtí. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Kenya nínú oṣù kẹjọ, ká lọ wo kìnnìún àti erin ní Maasai Mara. Èmi ni màá san gbogbo ẹ̀."

Inú ìyá dùn, ó súre títí. Ṣùgbọ́n ó ní: "Ọmọ mi, mi ò lè lọ kí n má mú Ìyá Kékeré rẹ dání. Nígbà tí bàbá rẹ kú, ta ló bá mi ru gbodo lọ sí Ìsẹ́yìn títí o fi jáde ìwé?"

Ọmọ dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní: "Màmá, ẹ máà bínú. Owó èèyàn méjì ni mo tọ́jú. Kò lè tó ẹni mẹ́ta."

Ọ̀rọ̀ yìí dun ìyá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ilé alájọ ló gbà lọ, ó ní kí wọ́n kó owó òun fún òun. Bẹ́ẹ̀, owó tí yóò fi ra gbodo nígbà ọyẹ́ ni o! Ẹ̀yin ìyá lọ́jà, ẹ ò nílò àlàyé. Bí owó gbodo bá ti bá fàájì lọ, kí lèèyàn fẹ́ gbé lọ sí ẹ̀rọ? Kí ló fẹ́ tà nígbà tí òjò bá dé? Gbèsè ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọdún.

Àbúrò rẹ̀ gbọ́, ó sáré wá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Bí kìnnìún bá fẹ́ rí mi, kó wá bá mi ní Ìpàpó. Mi ò ní bá yín fi owó gbodo wọ ọkọ̀ òfúrufú." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán nínú ìyá.

Tíṣà kan ládùúgbò, tó ti fẹ̀yìn tì, ló bá wọn mú bírò. Ó ní: "Ìyá, ẹ ò lè ra àpò gbodo láìtú ẹnu rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ ká tú ẹnu sàfárì yìí náà wò."

Owó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Láti ọdún 2024, àgbàlagbà tó bá jẹ́ àlejò láti òkèèrè ń san dọ́là 200 lójúmọ́ ní Maasai Mara, láti oṣù keje títí dé ìparí ọdún. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà, dọ́là 100 ni. Kí ló fà á? Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá ni ẹran tí òyìnbó ń pè ní wildebeest máa ń rọ́ wá lágbo lágbo láti Serengeti ní Tanzania, tí wọ́n á máa la odò Mara kọjá. Gbogbo ayé ló fẹ́ wò ó. Bí ọjà bá sì ti kún, ẹ mọ̀ pé owó á gbówó lórí.

Ó yá, ẹ bá wọn ṣírò. Èèyàn méjì, ọjọ́ mẹ́rin, nínú oṣù kẹjọ: dọ́là 1,600. Èèyàn mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, nínú oṣù kejì: dọ́là 1,200. Ẹni mẹ́ta wọlé, dọ́là 400 tún ṣẹ́kù! Lóòótọ́, wọn ò ní rí agbo ẹran tó ń la odò, ṣùgbọ́n kìnnìún, erin, ẹfọ̀n àti àgùnfọn wà níbẹ̀ lọ́dún yípo. Àwọn ilé ìtura náà sì máa ń dínwó nígbà tí èrò kò bá pọ̀.

Tíṣà tún ka àwọn nǹkan mìíràn tó máa ń jẹ owó ní kọ̀rọ̀. Èkínní, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú iye tí wọ́n pè: ṣé oúnjẹ wà níbẹ̀, ṣé ọkọ̀ tí ẹ ó fi máa wo ẹran wà níbẹ̀, ṣé owó ẹnu ọ̀nà wà níbẹ̀? Ilé ìtura ńlá lè pe owó gọbọi kí ti ẹnu ọ̀nà má sí nínú rẹ̀. Gígun bálúùnù lókè, ọ̀tọ̀ ni owó tiẹ̀.

Èkejì, láti Nairobi dé Maasai Mara tó bíi wákàtí mẹ́fà nínú mọ́tò. Ọkọ̀ òfúrufú kékeré kì í lò tó wákàtí kan, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ti mọ́tò lọ, kílò 15 sì ni wọ́n sábà máa ń gbà fún ẹrù ẹnì kan, nínú báàgì rírọ̀. Ibẹ̀ ni àbúrò ti ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò lè di èlùbọ́ o!"

Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kó sì ní káàdì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kéré tán, kó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra. Ẹ̀kẹrin, ẹ fi owó sílẹ̀ fún dẹ́rẹ́bà àti àwọn òṣìṣẹ́, kẹ́ ẹ sì tún fi díẹ̀ pamọ́ fún àìròtẹ́lẹ̀.

Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká Kenya ńkọ́? Òkè-Ògùn náà ní igbó tiwọn. Ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Ọdún 1952 ni wọ́n sọ igbó náà di ibi ààbò ẹran, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín, ìnàkí àti àwókù Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wà lára ibi tí wọ́n ń gbà wọlé. Ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù, nígbà tí koríko ti gbẹ tí ẹran ń wá omi. Ẹ má retí kìnnìún níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ wọn ní Ọ̀yọ́ bí ọ̀nà àti ààbò igbó ṣe rí. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró.

Ní ti ìyá ẹlẹ́lùbọ́, wọ́n pe ọmọ, wọ́n ka ìṣirò fún un. Ó ní: "Háà, Màmá! Mi ò mọ̀ pé oṣù lásán ló ń lé Ìyá Kékeré sẹ́yìn." Ó gbà kí wọ́n sún un sí ìparí oṣù kejì, nígbà tí gbodo ti wà nínú ilé. Dọ́là 400 yẹn, ó ní òun á fi kún owó ọkọ̀ òfúrufú ẹni kẹta.

Àwọn obìnrin méjèèjì ra kóló kan. Nínú èrè ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ díẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n lè dí èyí tó kù. Owó ọjà kò bá a pàdé. Ìyá sì padà lọ bá alájọ, ó ní kó jẹ́ kí owó òun jókòó síbi tó wà di ìgbà ọyẹ́.

Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fàájì, ẹ ra kóló tiyín lọ́tọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.