Ìkùnsínú Kì Í Ṣe Ìbò

Ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé ìlú, nígbàkúùgbà tí ará ìlú bá ń kùn sí ìjọba, àwọn alátakò a máa yọ̀ bí ẹni tí ó ti gorí oyè. A bi wọ́n léèrè: ta ni ó sọ fún wọn pé ìkùnsínú ni ìbò?

Ní 2011, wọ́n dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹgbẹ́ PDP sì borí gbogbo wọn. Ní 2013, ACN, CPC àti ANPP para pọ̀ di APC. Ní 2015, PDP tí ó ti ṣe ìjọba fún ọdún 16 ṣubú. Ní 2023 ẹ̀wẹ̀, Àlàájì Atiku Abubakar gba ìbò 6,984,520, Ọ̀gbẹ́ni Peter Obi gba 6,101,533. Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú sì fi 8,794,726 wọlé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Ṣùgbọ́n ìṣọ̀kan nìkan kò tó. Ẹgbẹ́ tí kò bá sọ ohun tí yóò ṣe kí ó tó gba àṣẹ, ìkùnsínú tí ó gbé e gorí oyè náà ni yóò tì í ṣubú. Àwa mẹ̀kúnnù ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó tẹ̀ lé wọn.