Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹ̀yin Tó Ń Ta Orúkọ Ìkànnì



Iṣẹ́ kan ti ń gbilẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa. Ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ á bá oníṣòwò kajú, iléèwé aládàáni, ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí onílé ìtura tó ń gba àwọn àlejò tó wá gun òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Á sì bá wọn ra orúkọ tí ìkànnì náà yóò máa jẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní dòméènì. Á rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun, á fi èrè díẹ̀ lé e, á tà á. Iṣẹ́ tó dára ni, kò sì gba owó ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn: "Ilé-iṣẹ́ wo ló ń tà á ní pọ́ọ́kú jù?" Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kò pé. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: ilé-iṣẹ́ wo ni owó rẹ̀ kò ní já mi láyà lọ́dún kejì, tí kò sì ní jẹ́ kí orúkọ oníbàárà mi sọnù?

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà kajú ṣe àpèjúwe. Olóko wà, alájàpá tó ń lọ kó o lóko wà, alárọ́ọ̀bọ̀ tó ń tà á fún ará ìlú náà wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọjà orúkọ ìkànnì rí. Fún àwọn orúkọ tó parí sí .com, olóko ni ilé-iṣẹ́ Verisign ní Amẹ́ríkà. Alájàpá ni àwọn ilé ìforúkọsílẹ̀ tí ICANN fún láṣẹ, ìyẹn àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1998 láti máa bójú tó orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tó ń tà ní Ṣábẹ̀ẹ́, alárọ́ọ̀bọ̀ ni yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di alájàpá fúnra rẹ̀, 3,500 dọ́là ni owó ìwé ìbéèrè nìkan, 4,000 dọ́là ni yóò sì máa san lọ́dọọdún lẹ́yìn náà. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ní ogún oníbàárà.

Owó olóko kò pamọ́. Títí di oṣù kẹjọ ọdún 2021, 7.85 dọ́là ni Verisign ń gbà lórí .com kan fún ọdún kan. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ó ti di 10.26 dọ́là. ICANN náà ń bu 20 sẹ́ǹtì tiẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ sí sẹ́fà, ó ń lọ sí àyíká 6,000. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń pariwo pé òun ń ta .com ní dọ́là kan tàbí méjì, àdánù ló fi ń tà á. Ta ni yóò san àdánù náà padà fún un? Ẹ̀yin ni, nígbà tí ọdún bá yípo.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ẹ ti bá oníbàárà yín ṣe àdéhùn 10,000 sẹ́fà lọ́dún. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tà á fún yín ní 1,500 lọ́dún kìn-ín-ní, ó wá di 12,000 lọ́dọọdún láti ọdún kejì. Ilé-iṣẹ́ kejì ń tà á ní 7,000 lọ́dọọdún, kò yí padà. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 49,500 ni ẹ ti san fún ti àkọ́kọ́, 35,000 fún ti kejì. Oníbàárà ti san 50,000 fún yín. Èrè yín lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ 500 sẹ́fà. Lọ́dọ̀ ẹnì kejì, ó jẹ́ 15,000. Bí oníbàárà yín bá jẹ́ ọgbọ̀n, èrè ọdún márùn-ún jẹ́ 15,000 lọ́wọ́ kan, 450,000 lọ́wọ́ kejì. Ẹni tó pọ́ọ́kú lọ́dún kìn-ín-ní ló sọ yín di òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́. Owó ìtúnṣe ọdọọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fi í pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ẹ kọjá lọ.

Owó mìíràn tún wà tí ojú kì í tètè rí. Àwọn kan ń gba owó lọ́tọ̀ kí wọ́n tó fi orúkọ àti àdírẹ́sì oníbàárà pamọ́, àwọn mìíràn sì ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan ní kí alárọ́ọ̀bọ̀ fi owó sílẹ̀ ṣáájú, tàbí kí ó máa san owó oṣooṣù. Ẹ tún ní láti rántí pé dọ́là ni wọ́n ń gbà. Sẹ́fà wa so mọ́ owó Yúróòpù ní 655.957 fún yúrò kan, ṣùgbọ́n kò so mọ́ dọ́là. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà lè jẹ́rìí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń gba náírà, tó ń san dọ́là, láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú iye tí ẹ bá dá.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀rọ ìṣírò olówó gọbọi fún yín. Ìwé kékeré kan tí ẹ kọ orúkọ oníbàárà, ọjọ́ tó rà á àti ọjọ́ tí yóò parí sí ti tó fún ogún ènìyàn. Fún gbígba owó, MoMo wà nílẹ̀, àwọn ilé bíi FedaPay àti KKiaPay náà wà ní Benin níbí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù rèé. Ta ló ni orúkọ náà? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló ń fi orúkọ ara wọn àti ímeèlì ara wọn ra dòméènì oníbàárà. Wọ́n ní ó yá, ó sì rọrùn. Ẹ gbọ́: òfin ICANN ní kí ilé ìforúkọsílẹ̀ kọ̀wé ìrántí sí ẹni tó ni orúkọ ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú kó tó parí, kó tún kọ ọ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó sì tún kọ ọ́ láàárín ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tó bá parí. Bí ímeèlì yín bá ló wà níbẹ̀, oníṣòwò náà kò ní rí ìkankan. Bí ẹ bá ṣàìsàn, bí ẹ bá ṣí lọ sí Kútọnu tàbí Èkó, tàbí bí ẹ bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ yóò kú láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ikú náà ní ìpele. Lẹ́yìn tí .com bá parí, ilé-iṣẹ́ lè dì í mú fún nǹkan bí ọjọ́ 45, ó kéré sí èyí lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ̀n ọjọ́ ìràpadà, níbi tí owó ti máa ń ga gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn ọjọ́ márùn-ún, ẹnikẹ́ni ní ayé lè rà á. Ẹni tó bá sì rà á lè fi ta ohun tó bá wù ú, lábẹ́ orúkọ tí oníṣòwò wa ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́.

Kì í ṣe àsọdùn. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ RegisterFly. Alárọ́ọ̀bọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́, kó tó di ilé ìforúkọsílẹ̀. Pọ́ọ́kú ló fi fa èrò. Nígbà tó dàrú, àwọn oníbàárà kò rí orúkọ wọn túnṣe, wọn kò sì rí i gbé lọ síbòmíràn. ICANN gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 2007, wọ́n sì kó nǹkan bí 850,000 orúkọ lọ sọ́dọ̀ GoDaddy. Ìyà tí àwọn ènìyàn jẹ kí ó tó dé ibẹ̀ kò ṣe é kà.

Ti ilẹ̀ Áfíríkà náà wà. Freenom, ilé-iṣẹ́ kan ní Netherlands, máa ń pín orúkọ .ga ti Gabon àti .ml ti Mali lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ pátápátá! Àwọn oníjìbìtì kún ibẹ̀. Lọ́dún 2023, Gabon àti Mali gba ohun ìní wọn padà, ó sì lé ní mílíọ̀nù méje orúkọ .ga tí wọ́n pa rẹ́. Ẹni tó fi òótọ́ ṣòwò lórí ọ̀kan nínú wọn bá ìjàǹbá náà lọ.

Nítorí náà, kí lẹ ó ṣe? Èrò tèmi nìyí. Ẹ yan ilé-iṣẹ́ méjì péré. Ọ̀kan fún .com, tí owó ìtúnṣe rẹ̀ hàn kedere, tó sì ń gba alárọ́ọ̀bọ̀ láyè. OpenSRS ti Tucows ní Canada àti ResellerClub ní Íńdíà wà lára àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀, ẹ fi iye wọn wéra kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí Cloudflare fún títà: iye tí olóko dá ló ń tà á, ṣùgbọ́n kò ṣe é fún alágbàtà. Èkejì fún .bj tiwa, èyí tí ARCEP ń bójú tó, tí àwọn ilé tó ní àṣẹ sì ń tà. Oníṣòwò tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà láàárín Ṣábẹ̀ẹ́ àti Párákù kò nílò .com dandan. Ẹni tó ń kó ọjà ré kọjá sí Nàìjíríà lè fi .ng tàbí .com.ng kún un, èyí tó wà lábẹ́ NiRA.

Ẹ fi orúkọ oníbàárà, fóònù rẹ̀ àti ímeèlì rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú wọn dáadáa, nítorí òfin 2017-20 ti ọdún 2018 nílẹ̀ Benin dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni. Ẹ sọ ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn yín fún un. Òfin ICANN ní kí alárọ́ọ̀bọ̀ sọ ọ́ bí wọ́n bá béèrè. Bó bá sì fẹ́ kó orúkọ rẹ̀ lọ lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fún un ní kóòdù rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni òfin fún ilé ìforúkọsílẹ̀ láti fún un.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: "Bí mo bá fún un ní gbogbo rẹ̀, ṣebí yóò sá lọ?" Oníbàárà tí ẹ dè mọ́lẹ̀ kì í ṣe oníbàárà, ẹrú ni, ẹrú a sì máa wá ọ̀nà àtilọ. Èrè iṣẹ́ yìí kò sí nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sẹ́fà orí orúkọ. Ó wà nínú kí ẹ bá a kọ ìkànnì, kí ẹ tún un ṣe nígbà tó bá bàjẹ́, kí ẹ sì rán an létí kí ọjọ́ tó pé. Ìlú kékeré ni ìlú wa. Bí orúkọ oníbàárà kan bá sọnù lọ́wọ́ yín, kí ọjà tó tú, gbogbo ìlú ti gbọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò, tiyín náà rèé. Lónìí, ẹ pe ẹni tó bá yín ra orúkọ ìkànnì, kí ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta: orúkọ ta ni wọ́n kọ sí i? Ọjọ́ wo ni yóò parí? Ilé-iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀? Bó bá dáhùn láìlọ́ra, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ń ká ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu, ẹ yára ṣe é kí ọjọ́ tó pé.